Omi Ọjọ́ Fọ́tò ní Beyerunka

Ọṣẹ ni ilé-iṣẹ́ wa ń ṣe, èmi sì ni akọ̀wé ilé-iṣẹ́ náà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń rò pé ẹni tó ń tẹ̀wé fún ọ̀gá ni akọ̀wé. Rárá o. Èmi ni mo ń pe ìpàdé àwọn olùdarí, èmi ni mo ń kọ ohun tí wọ́n bá sọ sílẹ̀, èmi ni mo sì ń rí i pé a ò tẹ òfin lójú. Ìwé pàtàkì kì í jáde lọ bá àwọn tó ní ìpín lọ́wọ́ wa láìjẹ́ pé mo fọwọ́ sí i.

Nígbà tí àwọn tó ra ìpín wa lókè òkun ní ká máa jábọ̀ lọ́dọọdún lórí bí a ṣe ń lo ilẹ̀ àti omi, bí a ṣe ń ṣe sí aráàdúgbò, àti bí a ṣe ń ṣàkóso ara wa, inú mi dùn. Mo rò pé ojú wa máa là. Àwọn òṣìṣẹ́ ń pe ìjábọ̀ ọ̀hún ní Í-ẹ́sì-jí, bí orúkọ oògùn ikọ́. Ọ̀gá àgbà ò ka nǹkan kan nípa rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó bi mí ni pé, “Akọ̀wé, ti àwọn tó ń bá wa díje, báwo ló ṣe nípọn tó?”

Ọkùnrin yìí, tó bá fẹ́ ká mọ̀ pé òun ń ronú, ṣe ló máa ń bọ́ jígí ojú rẹ̀. Ó pẹ́ tí mo ti ń bá a ṣiṣẹ́, n kò tíì rí ọjọ́ tí jígí kúrò lójú tí ọgbọ́n sì wọlé.

Ó gba kọnsọ́tánǹtì kan wá láti Èkó. Ọmọkùnrin náà wọ kóòtù nínú oòrùn Ìbàdàn, ó ń fi imú sọ Gẹ̀ẹ́sì. Gbogbo nǹkan tí a bá fi hàn án, “ìtàn” ló ń pè é. Ọṣẹ wa, ìtàn ni. Àwọn obìnrin tó ń dì í sínú páálí, ìtàn ni. Omi dúdú tó ń ti ẹ̀yìn ilé-iṣẹ́ ṣàn lọ sínú gọ́tà nìkan ni kì í ṣe ìtàn. Ó ní ká fi ìyẹn sílẹ̀ ná.

Ó bi wá pé kí la ti ṣe fún aráàlú. Ọ̀gá àgbà rántí bohóòlù tí a gbẹ́ sí agboolé kan ní Beyerunka. Ó rántí torí pé wọ́n gbé e sórí tẹlifíṣọ̀n lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí i. Èmi náà mọ bohóòlù ọ̀hún, agboolé bàbá mi ni. Àbúrò bàbá mi obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Kékeré, yàrá rẹ̀ ló kọjú sí i. Láti ọjọ́ tí àwọn oníròyìn ti palẹ̀ mọ́, omi ò dà níbẹ̀ mọ́, torí jẹnẹrétọ̀ ló ń fa omi náà, kò sì sẹ́ni tó ra epo sí i. Nígbà tó yá, ilé-iṣẹ́ ní jẹnẹrétọ̀ nílò àtúnṣe, wọ́n wá gbé e lọ. Ilé ọ̀gá àgbà ni mo tún ti rí jẹnẹrétọ̀ náà.

“Ọ̀gá,” mo ní, “omi ò sí níbẹ̀ o.”

“Ṣùgbọ́n bohóòlù wà níbẹ̀?”

“Ó wà, sà.”

“Ó parí.”

Wọ́n ní kí n bá wọn lọ lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ ya fọ́tò, torí èmi ni ọmọ àdúgbò. A gba Bẹẹrẹ lọ. Kọnsọ́tánǹtì yìí ò sọ gíláàsì ọkọ̀ kalẹ̀ rárá. Inú ọkọ̀ ló ti ń fi fóònù ya àwọn òrùlé tó ti dípẹtà, tó ń wí pé, “Ó dáa gan-an, ó dáa gan-an,” bí ẹni pé òun ló bá wa pa páànù náà láró.

Tánkà omi kan ti ṣáájú wa débẹ̀. Àwọn ọkùnrin méjì ti na rọ́bà rẹ̀ gòkè, wọ́n ń da omi sínú táǹkì bohóòlù. Nígbà tí omi bẹ̀rẹ̀ sí í dà lẹ́nu ẹ̀rọ, àwọn obìnrin agboolé sáré gbé garawa, kẹ́ẹ̀gì, abọ́, títí kan ìkòkò ọbẹ̀. Kọnsọ́tánǹtì ní kí wọ́n rọra, kí wọ́n tò, kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó fa Ìyá Kékeré síwájú nítorí ilà ojú rẹ̀, ó ní kó gbé garawa sókè díẹ̀ kí oòrùn lè mú un. Ìyá arúgbó gbé garawa sókè.

Nígbà tí wọ́n yà á tán, Ìyá Kékeré yíjú sí i. “Ẹ jọ̀ọ́ ọ̀gá, ṣé ẹ tún ń bọ̀ wá yà á lọ́la?”

Ọmọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní èyí táwọn yà ti tó.

“Tí kò bá tó, ẹ padà wá o,” ni Ìyá Kékeré wí. “Aṣọ pọ̀ nílẹ̀ tí a fẹ́ fọ̀.”

Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ń bẹ̀ ẹ́ ni. Mo wo ilẹ̀ títí a fi wọnú ọkọ̀.

Nígbà tí ìjábọ̀ dé, ojú Ìyá Kékeré ló wà níwájú ìwé. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé gbogbo agboolé náà ń mu omi tó mọ́ lójoojúmọ́. Níbi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ ìṣàkóso, wọ́n ní àwọn olùdarí wa ń ṣèbẹ̀wò sí gbogbo iṣẹ́ tí a ṣe fún ará ìlú. Àwọn olùdarí wo? Gbọ̀ngàn Mapo nìkan ni wọ́n mọ̀ ní gbogbo ìgboro Ìbàdàn, ìyẹn náà nítorí ìgbéyàwó ọmọ ọ̀rẹ́ wọn.

Mo gbé e lọ bá ọ̀gá àgbà. “N kò lè fọwọ́ sí èyí, sà. Irọ́ ni.”

Ó bọ́ jígí ojú rẹ̀. “Kì í ṣe irọ́. Àfojúsùn ni.”

“Ẹ jẹ́ ká kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nígbà náà, pé ó wù wá kí wọ́n máa rí omi mu.”

“Akọ̀wé, ta ló fẹ́ ka ìyẹn?”

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà dé ìpàdé àwọn olùdarí. Ọ̀kan ń tòògbé, òmíràn ń tẹ fóònù. Alága wa, bàbá arúgbó tó fẹ́ràn àlàáfíà ju ohun gbogbo lọ, bi mí pé, “Ṣé torí ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo lo ṣe fẹ́ dá wa dúró?”

Mo ní tó bá wù wọ́n, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde, kí wọ́n wá ẹlòmíràn tí yóò fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n mo máa kọ ìdí tí mo fi kọ̀ sínú àkọsílẹ̀ ìpàdé ọjọ́ yẹn.

Ẹni tó ń tòògbé jí. Irọ́ ò bà wọ́n lẹ́rù, kí ẹnì kan kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n pa á ló bà wọ́n lẹ́rù.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dúnàádúrà bí ẹni tó ń ná ẹran. Níkẹyìn, wọ́n yọ ọ̀rọ̀ omi ojoojúmọ́ àti ti ìbẹ̀wò kúrò, wọ́n sì gbà kí n fi gbólóhùn kan sí ẹ̀yìn ìwé: “Ẹ̀rọ omi tó wà ní Beyerunka kò ṣiṣẹ́ lásìkò tí a kọ ìjábọ̀ yìí.” Wọ́n fi lẹ́tà tó kéré bí ẹyin èèrà tẹ̀ ẹ́. Fọ́tò ò kúrò níwájú. Wọ́n ní ó ti rẹwà jù.

Ó ṣẹlẹ̀ pé ẹnì kan wà lókè òkun tó máa ń ka ẹ̀yìn ìwé. Obìnrin kan tó ń ṣojú àwọn tó ní ìpín pe ọ̀gá àgbà lórí fóònù, mo sì wà níbẹ̀. Ó fẹ́ mọ bí ẹ̀rọ tí kò ṣiṣẹ́ ṣe ń da omi nínú fọ́tò.

Ọkùnrin tí garawa Ìyá Kékeré kò dójú tì, tí àwọn obìnrin agboolé tó ń ru omi bọ̀ láti àdúgbò Oníyanrìn ò dójú tì, ló wá ń làágùn nínú yàrá tí ẹ̀rọ amúlétutù ti ń fẹ́. “Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ẹ má bínú, mà.” Ó ń tẹrí ba fún fóònù. Kódà, ó dìde dúró.

Kò pẹ́ rárá tí wọ́n fi kan pánẹ́ẹ̀lì tó ń fi oòrùn mú iná wá sórí bohóòlù náà. Omi ń dà. Nígbà tó di ọdún kejì, ọ̀gá àgbà gba àmì ẹ̀yẹ níbi àpèjẹ kan pé òun jẹ́ olóòótọ́ nínú ìjábọ̀. Ó dúró síwájú gbogbo èèyàn, ó bọ́ jígí, ó ní òun máa ń tẹ́tí sí àwọn mẹ̀kúnnù. Kọnsọ́tánǹtì jókòó nítòsí mi, ó ń pàtẹ́wọ́, ó wá sọ sí mi létí pé, “Ẹ rí i? Ìtàn ńlá.” Lóṣù yẹn ni mo fi iṣẹ́ náà sílẹ̀.

Mo lọ kí Ìyá Kékeré lọ́jọ́ Jímọ̀ọ̀ kan, lẹ́yìn ìrun. Aṣọ tó fọ̀ kún orí okùn. Ó bi mí léèrè ọ̀gá mi.

“Ẹ fi í sílẹ̀, Ìyá Kékeré. Aláìnítìjú ni.”

“Há, má sọ bẹ́ẹ̀. Ó fún wa lómi.”

Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un: jẹnẹrétọ̀, tánkà, obìnrin òkè òkun, àmì ẹ̀yẹ. Ó fara balẹ̀ gbọ́. Lẹ́yìn náà ló tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, ó ṣàdúrà fún obìnrin tí kò rí rí yẹn, ó sì ṣàdúrà fún ọkùnrin náà: ẹ̀mí gígùn, àlàáfíà ara, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí òùngbẹ gbẹ ẹ́ láé. Mo ṣe àmín fún ti obìnrin náà.

Ó gbójú sókè wò mí. “Ti ọ̀gá rẹ ńkọ́?”

“Ìyá Kékeré, ẹ jọ̀ọ́.”

Kò gbé ojú kúrò lára mi, ọwọ́ rẹ̀ sì wà ní títẹ́ síbẹ̀. Mo ṣe àmín. Ẹnu mi nìkan ló ṣe é.