Ẹsẹ̀ Akọ̀wé Lórí Táìsì Tútù

Òjòwú ò lẹ́ran láyà, àwọn àgbà ti wí i tipẹ́. Owú ò sì bìkítà bóyá èèyàn kàwé tàbí kò kàwé. Ẹ bi Akọ̀wé wò.

Akọ̀wé ni bàbá ń pe àgbà nínú àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin méjì, nítorí òun ló lọ sí yunifásítì, òun ló ń jókòó sí ọ́fíìsì. Àbúrò rẹ̀ kọ̀ jálẹ̀ ní tiẹ̀. Ó ní táìsì ilẹ̀ ilé lòun fẹ́ máa tò bíi bàbá òun. Iṣẹ́ tí bàbá fi tọ́ wọn nìyẹn, ó sì kọ́ ọ. Lónìí, àwọn tó ń kọ́lé ń du ọmọ náà mọ́ ara wọn lọ́wọ́.

Ṣé owó wá ni Akọ̀wé ń jowú? Rárá o. Èébú ni! Ẹ má rẹ́rìn-ín. Bí táìsì tí àbúrò tò bá ti gbẹ, bàbá á fi ìka kàn án, kó, kó, kó. Tó bá dún bí agolo òfìfo, a jẹ́ pé sìmẹ́ńtì ò kún abẹ́ rẹ̀. Bàbá á wá pariwo: "Ó ń dún! Yọ ọ́, olóríkunkun!" Wọn á jiyàn títí, wọn á tún jọ bú sẹ́rìn-ín. Àmọ́ tí Akọ̀wé bá ti yọjú, wọn á dákẹ́. Bàbá á ní, "Akọ̀wé mi, rọra, kí eruku má bà ọ́ láṣọ jẹ́." Ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ yìí máa ń dun Akọ̀wé dé egungun.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, bàbá àti àbúrò parí pálọ̀ ilé wọn. Wọ́n fi àga dí ẹnu ọ̀nà, torí a kì í tẹ táìsì tútù tí sìmẹ́ńtì abẹ́ rẹ̀ kò tíì gbẹ. Akọ̀wé ti ọ́fíìsì dé, ó ń gbọ́ ẹ̀rín wọn lẹ́yìnkùlé níbi tí wọ́n ti ń fọ irinṣẹ́. Ló bá gbé àga kúrò, ó fi bàtà gogoro rẹ̀ tẹ táìsì kan mọ́lẹ̀, gbì! Táìsì rì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Yéè!" Àbúrò ti dé ẹnu ọ̀nà, bàbá sì wà lẹ́yìn rẹ̀. "Ta ló tẹ̀ ẹ́?"

"Èmi ni! Mo sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Bàbá, kí ló dé tẹ́ ẹ ò kọ́ èmi náà?"

Bàbá wo orúnkún ara rẹ̀ tí ìkúnlẹ̀ to táìsì ti sọ di líle gbagidi. "Orúnkún yìí ni mi ò fẹ́ kó o jogún. Mo rò pé mò ń kẹ́ ọ ni."

Àbúrò ti fẹ́ kúnlẹ̀ tún un ṣe. Bàbá ní, "Fi í lẹ̀. Ẹni tó bà á jẹ́ ni yóò tún un ṣe."

Wọ́n tẹ́ pátákó sílẹ̀ fún Akọ̀wé kó má baà tẹ òmíràn rì. Ó bọ́ bàtà, ó kúnlẹ̀, ó yọ táìsì náà, ó fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ́ sìmẹ́ńtì, ó sì tò ó padà.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, bàbá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ìka kan táìsì náà. Kó, kó. Agolo òfìfo! Ó gbójú sókè. "Akọ̀wé mi, rọra..."

"Bàbá, ẹ sọ ọ́ bó ṣe yẹ kẹ́ ẹ sọ ọ́."

Bàbá pariwo: "Ó ń dún! Yọ ọ́, olóríkunkun!"

"Kò dún o, etí yín ni!"

Ni bàbá bá bú sẹ́rìn-ín, Akọ̀wé náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Àbúrò nìkan ni kò rẹ́rìn-ín: èébú tiẹ̀ ti di ti ẹlòmíì.