Ikọ́ Tó Tú Àṣírí Olórin Wa

Ọjọ́ tí olórin tí mo fẹ́ràn jù lọ wá sí Ìlaròó kò lè kúrò lọ́kàn mi láéláé. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ nílùú wa. Mo mọ ibi tó ti mí nínú gbogbo orin rẹ̀. Nínú èyí tó gbajúmọ̀ jù, ó húkọ́ díẹ̀ lẹ́yìn ẹsẹ kejì, wọn kò sì yọ ọ́ kúrò nínú rẹ́kọ́ọ̀dù.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, pápá kún dẹ́nu. Ó bẹ̀rẹ̀ orin yìí, gbogbo wa ń gbè é. Lẹ́yìn ẹsẹ kejì, ó gbé ike omi sẹ́nu. Omi yẹn ló ń mu lọ́wọ́ tí mo fi gbọ́ ikọ́ náà ketekete láti inú ẹ̀rọ! Mo pariwo pé, “Rẹ́kọ́ọ̀dù ni! Ẹ fẹnu ara yín kọ ọ́!”

Ẹ̀gbọ́n Sìkírù, alága wa, fa apá mi. “Ṣé ìwọ lo kọ́ ọ lórin ni? Tọrọ àforíjì, àbí kí o bọ́ aṣọ ẹgbẹ́ sílẹ̀!”

“Ẹ̀gbọ́n, ta ló ń mu omi tó tún ń húkọ́ lẹ́ẹ̀kan náà?”

“Àfi ẹlẹ́nu méjì!” ni màmá kan sọ lẹ́yìn wa, àwọn èèyàn sì bú sẹ́rìn-ín.

Mo bọ́ aṣọ náà kúrò lórí èyí tí mo wọ̀ sábẹ́, mo ká a dáadáa, mo gbé e fún Ẹ̀gbọ́n Sìkírù. N kò sì kúrò níwájú. Igbe kan náà ni mo ń ké títí olórin náà fi sọ̀ kalẹ̀.

Wọ́n ti yọ orúkọ mi nínú ẹgbẹ́. N kò tọrọ àforíjì, n kò sì ní í tọrọ rẹ̀. Etí tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ náà ni mo fi mú un.