Wolé-wolé Tó Ya Àdúgbò Sára Ògiri

Bí wọ́n bá ti dárúkọ olóògbé Adétóyè, ìjà Alhaja Ràfátù ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń sọ. Wolé-wolé ìjọba ni Adétóyè, ìpẹ̀kun ìlú Ọ̀fà ló sì ń gbé, lójú ọ̀nà Ìjàgbó. Ní ọdún 1988, ó kó èédú jọ, ó ya gbogbo àdúgbò sára ògiri iwájú ilé rẹ̀: adágún tí wọ́n ti ń pọn omi mu, ọ̀nà tó lọ síbẹ̀, àti ilé kọ̀ọ̀kan. Àdìkẹ́, ìyàwó rẹ̀, ṣẹ̀ṣẹ̀ kun ògiri náà ní funfun fún ọdún Kérésìmesì ni. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó káwọ́ lérí. Ibi tó ti ń wá ọ̀rọ̀ tó máa sọ ni Alhaja ti dé.

"Wolé-wolé, ṣé ilé mi nìyí?"

"Òun ni, Alhaja."

"Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí mo kọ́, ẹ wá yà á bí ilé adìẹ. Ilé Láńrewájú tí òjò ń wọ̀ ló wá tóbi bíi mọ́ṣáláṣí. Kí ni mo fi ṣẹ̀ yín?"

Adétóyè kì í bá àgbà jiyàn. Ó gun àpótí, ó fa ilé Alhaja gbòòrò títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan adágún. Inú Alhaja dùn, ó tún ìborùn rẹ̀ ṣe, ó ń lọ. Kó tó lọ jìnnà, ó yíjú padà. "Kí lẹ tiẹ̀ fẹ́ fi àwòrán yìí ṣe?"

"A fẹ́ fi lé sòbìà lọ ni, Alhaja. Bí sòbìà bá ṣe pọ̀ tó nínú ilé ni mo ṣe ń ya ilé náà tóbi tó."

Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, Alhaja ti gbé àkùkọ kan wá, ó ní kí wọ́n bá òun dín ilé kù.

Sòbìà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín nígbà náà. Inú omi adágún ni èèyàn ti ń mu ún, á sì tó bí ọdún kan kí aràn náà tó yọ jáde lẹ́sẹ̀ rẹ̀, gígùn bí okùn, tí wọ́n á máa fi igi ká a díẹ̀díẹ̀. Àsìkò tí ọkọ́ ń wọlẹ̀ gan-an ló máa ń yọ. Alágbára ọkùnrin á dùbúlẹ̀, iṣu èébù á jẹrà mọ́ ọn lọ́wọ́. Adétóyè ní kí Ọlọ́run jẹ́ kí òun rí ìgbà ìgbìn kan ṣoṣo tí ẹnikẹ́ni kò ní dùbúlẹ̀ ní àdúgbò náà. Kò bẹ̀bẹ̀ fún ju ìyẹn lọ.

Alhaji Kamaldeen, olórí àdúgbò, máa ń fi ṣẹ̀fẹ̀. "Ìjàkadì lorò Ọ̀fà lóòótọ́, Wolé-wolé, ṣùgbọ́n sòbìà kò lẹ́sẹ̀ tí o máa fi gbé e ṣubú."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Alhaji," ni Adétóyè dáhùn. "Ẹsẹ̀ tiwa ló ń lò."

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán àdúgbò, ó ya ààrò mẹ́ta, ó gbé ìkòkò lé wọn. Ààrò kìíní ni ohun tí àwọn èèyàn mọ̀. Èkejì ni ohun tó wà lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀kẹta ni ẹni tí wọ́n ń gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu. Ó ní bí ọ̀kan bá yẹ̀, ọbẹ̀ á dànù. Bẹ́ẹ̀ ló sì rí. Wọ́n pín aṣọ ìsẹ́mi, tí wọ́n á fi máa sẹ́ omi mímu kí sòbìà má baà bá a wọlé, fún gbogbo ilé, àwọn obìnrin fi wé orí lọ sọ́jà Òjòkú. Adétóyè dúró níwájú ògiri títí oúnjẹ fi tutù. Ó wá rí i: àwọn bàálé ló ń bá sọ̀rọ̀, wọn kì í sì í pọn omi. Àwọn ìyá ló ń pọn ọ́n, Alhaja Ràfátù sì làwọn ìyá ń gbọ́ tirẹ̀.

Alhaja gbà. Ó ń wọ ilé dé ilé, ó ń ṣí ìdérí àmù wò. Bí kò bá rí aṣọ, kì í pariwo. "Ó dáa," ni yóò wí. "Màá ní kí Wolé-wolé fi kún ilé yín." Ẹ̀rù kóòtù kò bà wọ́n tó ẹ̀rù èédú yẹn rí.

Nínú ilé, ààrò mẹ́ta fẹ́ yọ Àdìkẹ́ lẹ́nu. Ó ní kí ọkọ òun bá òun tún òrùlé ilé ìdáná ṣe, ọkọ ya ààrò. Ó ní ewúrẹ́ ń jẹ gbágùúdá, ọkọ ya ààrò. Lọ́jọ́ kan, ó gbé àwo fún un, ó dé e. Adétóyè fọwọ́, ó ṣí i. Iṣu tí wọ́n fi èédú yà sínú àwo ló bá.

Ó wò ó tìṣọ́ratìṣọ́ra. "Ọwọ́ rẹ ti ń dá a, Àdìkẹ́," ló wí. "Ṣùgbọ́n o gbàgbé ẹran."

Nígbà tó fi di ọdún 1991, ọ̀pọ̀ ilé ara ògiri ti kéré bí èékánná. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Àdìkẹ́ bá ọkọ rẹ̀ lẹ́yìn ilé, ó ń fọ ẹsẹ̀, ó sì ń fi ara bo ohun tó ń ṣe.

"Bàbá Evelyn, kí nìyẹn?"

"Ẹ̀fọn ló jẹ mí."

"Ẹ̀fọn wo ló ń yọrí wò mí yìí?"

Adétóyè mí kanlẹ̀. Lọ́dún tó kọjá ni, ní oko kan ní Òjòkú. Ìyá àgbà kan kúnlẹ̀ fi igbá bu omi fún un, ojú sì tì í láti béèrè pé ṣé wọ́n ti sẹ́ ẹ.

"Ẹ wọ sòkòtò gígùn," ni Àdìkẹ́ wí. "Bí Alhaji Kamaldeen bá gbọ́, a ó kó kúrò ní Ọ̀fà ni."

Ọkọ rẹ̀ wo ògiri títí. Bí òun bá fi tòun pa mọ́, ta ni yóò fi tirẹ̀ han òun? Ẹni tó bá sì ń fi pa mọ́ ni yóò gbé ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ bọ adágún, aràn á da ọmọ rẹ̀ sínú omi, àrùn á sì tún bẹ̀rẹ̀. Ó nawọ́ mú èédú, ó gun àpótí lọ fa ilé tirẹ̀ gbòòrò. Àdìkẹ́ di àpótí mú fún un kó má baà ṣubú.

Gbogbo àdúgbò pé. Alhaja Ràfátù gbé àga tirẹ̀ wá. "Ẹ fà á síta díẹ̀ sí i, Wolé-wolé. Ilé èèyàn ńlá kì í kéré." Alhaji Kamaldeen rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Nígbà tó ṣe, ó gbé ọwọ́ kúrò lára ògiri. Ó wú ikọ́, ó ká etí jalábíà rẹ̀ sókè díẹ̀, báńdéèjì sì hàn lójúgun rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́," ló wí jẹ́jẹ́, "ẹ bá mi fi díẹ̀ kún tèmi náà."

Lọ́jọ́ yẹn ni gbogbo ẹni tó ń fi pa mọ́ jáde. Kò sí èyí tó fẹsẹ̀ kan adágún mọ́ títí tí ẹsẹ̀ wọn fi jinná. Nígbà tí ìgbà ìgbìn ẹ̀yìn èyí dé, kò sí ẹnì kan tó dùbúlẹ̀. Àdìkẹ́ bá ọkọ rẹ̀ níwájú ògiri tí gbogbo ilé ara rẹ̀ ti kéré bí orí abẹ́rẹ́.

"Ṣé kí n wá kùn ún wàyí?"

"Fi sílẹ̀ díẹ̀," ló wí. "Mo ṣì ń wò ó."

Ọdún 1997 ni Adétóyè kú. Nígbà tí wọ́n sin ín tán, tí wọ́n ti ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà dé, tonígbàgbọ́ tìmàle jókòó síwájú ilé rẹ̀. Alhaja ń sọ ìtàn àkùkọ, Alhaji Kamaldeen ń já a nírọ́, ẹ̀rín sì gba gbogbo ojúde.

Safiyat, ọmọ-ọmọ Alhaja tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé, fa aṣọ ìyá ìyá rẹ̀. "Ìyá àgbà, kí ni wọ́n ń pè ní sòbìà?"

Alhaja la ẹnu, ó wá ẹsẹ̀ kan tí yóò fi han ọmọ náà láàárín gbogbo ẹsẹ̀ tó jókòó síbẹ̀, kò rí. Àwọn àgbà ń wo ara wọn.

Àdìkẹ́ fa ọmọ náà mọ́ra, ó nu ojú ara rẹ̀. "Tún bi wọ́n, ọmọ mi," ló wí. "Sọ ọ́ sókè díẹ̀, kí Bàbá Evelyn lè gbọ́."