Aṣọ Pupa Lẹ́nu Oko Ìyàwó Wa

Ọdún mọ́kànlá ni bàbá mi fi gun kẹ̀kẹ́, láti Ìkọ̀lé dé oko, láti oko dé ọjà, àpò kòkó lẹ́yìn, ìdì iṣu níwájú. Ọjọ́ tó rí alùpùpù rà, ó gbé kẹ̀kẹ́ náà kọ́ igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé, kò sì fọwọ́ kàn án mọ́ títí ó fi kú. Bí a bá ní kó jẹ́ ká fi kọ́ gígùn, á ní, "Ẹni tó bá wù kó jìyà, kó lọ wá tirẹ̀." Nítorí náà, nígbà tí ọmọbìnrin mi tó ń gbé l'Ékòó pè mí lórí fóònù pé àwọn èèyàn kan máa san owó gọbọi kí wọ́n lè wá gun kẹ̀kẹ́ lórí òkè Èkìtì nínú oòrùn, mo kọ́kọ́ rò pé nẹ́tíwọ̀kì ni kò dára.

Ìgbafẹ́ ló pè é. Iṣẹ́ tó ń ṣe jẹun nìyẹn. Á kó èèyàn bíi mẹ́fà jọ, á kó wọn lọ sí etí òkun, wọn á gun kẹ̀kẹ́ lórí yanrìn, wọn á fẹsẹ̀ rìn títí, wọn á wa ọkọ̀ tóóró onírọ́bà kan tí wọ́n ń pè ní káyàkì, wọn á sì fi awọ ara tó bó padà sílé. Lọ́dún yìí, òkun ń ru, àwọn apẹja gan-an ò jẹ́ wọ̀ ọ́. Ló bá rántí pé ìlú bàbá òun ní òkè, ó ní ọ̀nà, ó sì ní dáàmù tí ìjọba fi sé odò. Ó ní, "Dádì, ẹ̀yin lẹ mọ gbogbo ibẹ̀. Ẹ ṣáà bá mi mú wọn káàkiri fún ọjọ́ mẹ́ta."

Olùkọ́ ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Jọ́gíráfì ni mo kọ́ àwọn ọmọ títí irun orí mi fi tán. Mo mọ òkè, mo mọ odò, mo sì mọ òmùgọ̀ bí mo bá rí i. Mo ní kó máa kó wọn bọ̀.

Iṣẹ́ kan ṣoṣo ló rán mi ṣáájú: kí n fi aṣọ pupa sàmì sí ọ̀nà tó ti títì lọ sí dáàmù, kí ẹni tó bá ṣáko lè rí ibi tí yóò gbà. Ó ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbi gbogbo nìyẹn. Mo rẹ́rìn-ín. Ọ̀nà tí ewúrẹ́ ń dá gbà! Síbẹ̀, mo tú kọ́tínnì pupa tó wà lẹ́nu ọ̀nà pálọ̀ mi, èyí tí wọ́n rán òdòdó funfun sí létí, tó ti wà níbẹ̀ láti ìgbà tí ìyàwó mi ti wà láyé, mo gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Ní ọjọ́ Ajé, mo ń so ó mọ́ igi kòkó àti igi obì lọ lójú ọ̀nà. Níbi tí kò bá sí igi, mo ri ọ̀pá mọ́lẹ̀, mo so aṣọ mọ́ ọn lórí.

Ọ̀nà náà gba inú oko ìyàwó wa kọjá. Opó ẹ̀gbọ́n mi ni. Mo ṣì ń gbé síléètì lọ sí ilé ìwé nígbà tí wọ́n gbé e wọlé, bí ìyàwó kì í sì í ti í pe ọmọ ilé lórúkọ, ó sọ mí ní Ọkọ-mi-akọ̀wé. Ohun tó ń pè mí nìyẹn títí orí mi fi pá. Láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi ti kú, oko yẹn ló fi ń jẹun: ẹ̀gẹ́, iṣu díẹ̀, àti kòkó tó ti darúgbó. Àwọn kan nínú ẹbí wá ní kó fi ilẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ní kò bí ọmọkùnrin. Wọ́n pe ìpàdé lé e lórí ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá. Ojú mi ni obìnrin náà ń wò lọ́jọ́ yẹn, nítorí èmi nìkan ni àbúrò ọkọ rẹ̀ tó kù. Bàtà mi ni èmi ń wò. Ìpàdé tú láìsí ìpinnu, wọ́n ní a ó tún padà jókòó.

Kò sí lóko ní ọjọ́ Ajé tí mo kọjá. Mo rí ọkọ́ rẹ̀ lẹ́bàá ebè, àti ẹ̀gẹ́ tó rẹ sínú dúrọ́ọ̀mù méjì fún fùfú, ó ku díẹ̀ kó tó rọ̀. Mo ri ọ̀pá kan sí ẹnu oko rẹ̀ gan-an, níbi tí ọ̀nà ti yà, mo so aṣọ mọ́ ọn, mo sì ń bá tèmi lọ. Orin ni mo ń kọ.

Ọjọ́bọ̀ ni àwọn onígbafẹ́ dé. Mẹ́fà ni wọ́n, aṣọ wọn lẹ̀ mọ́ wọn lára débi pé ojú ọ̀run ni mo ń wò bá wọn sọ̀rọ̀. Ọkùnrin onírùngbọ̀n kan wà láàárín wọn tí aago ọwọ́ rẹ̀ ń ka ìṣísẹ̀ fún un. Bó bá rìn, á wo aago; bó bá jókòó, á wo aago, bí ẹni pé aago ni yóò sọ fún un bóyá ó ti rẹ̀ ẹ́. Obìnrin sísanra kan wà tó dé fìlà gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ aláwọ̀ ọsàn. Òun ló ń kẹ́yìn nígbà gbogbo, àpò kan lọ́wọ́ rẹ̀ tó fi ń ṣa ọ̀rá àti ike omi tí àwọn yòókù bá jù sílẹ̀. Mo ní nínú ara mi pé, ẹni tó ti Èkó wá gbálẹ̀ oko Èkìtì, ta ló ń bá a gbálẹ̀ ilé tirẹ̀?

Láti Ọ̀yẹ́ ni wọ́n ti gun kẹ̀kẹ́ bọ̀ wá sí Ìkọ̀lé. Èmi àti ọmọ mi wà nínú takisí pẹ̀lú ẹrù. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí ọ̀nà ti gòkè, gbogbo wọn sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ń ti kẹ̀kẹ́, òógùn ń ro tótó. Ọlọ́kadà kan tó gbé àgbébọ̀ adìẹ mẹ́rin kọ́ ọwọ́ ọ̀kadà rẹ̀ rí wọn, ó dúró pẹ̀lú àánú.

Ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ṣé táyà ló jò ni?" Ó ka kẹ̀kẹ́ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. "Gbogbo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà?"

Onírùngbọ̀n ní kò jò, eré ìdárayá ni. Ọlọ́kadà wò mí nínú takisí, ó mi orí, ó ń lọ. Inú mi dùn pé ẹnìkan tún rí ohun tí mò ń rí.

Ní ọjọ́ Ẹtì, a gun òkè. Ìyá kan tó ru igi ìdáná pàdé wa nídìí àpáta, ó sì rò pé àdúrà là ń lọ gbà lókè, nítorí kí ni ẹlòmíràn tún ń wá lọ síbẹ̀? Ó sọ ẹrù rẹ̀, ó kúnlẹ̀. Ó ní, "Ẹ bá mi rántí ọmọ mi tó ń wá uṣẹ́ o, ẹ̀yin ènìyàn Ọlọ́run." Onírùngbọ̀n ní ìran làwọn kàn fẹ́ wò. Ìyá yẹn dìde, ó gbọn eruku kúrò ní orúnkún rẹ̀, ó sì ru igi rẹ̀, ó ń lọ. Obìnrin onífìlà sáré tẹ̀ lé e, ó béèrè orúkọ ọmọ náà, ó kọ ọ́ sínú fóònù rẹ̀, ó ní òun yóò gbàdúrà. Mo pòṣé. Mo kẹ́gàn gbogbo wọn, n kò ní purọ́, òun ni mo sì kẹ́gàn jù.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta la gba ọ̀nà dáàmù. Bí a ṣe ń sún mọ́ oko ìyàwó wa, òórùn kan bẹ̀rẹ̀ sí í lù wá nímú. Onírùngbọ̀n fi aṣọ bo imú, ó ní ṣé ẹran ló kú ni. Ẹ̀gẹ́ ni. Ẹ̀gẹ́ inú dúrọ́ọ̀mù méjèèjì ti rà, eṣinṣin bò ó. Koríko ti ń bo ebè. Ọkọ́ rẹ̀ wà ní ibi tí mo ti rí i ní ọjọ́ Ajé, òjò ti pa á, ó ti dípẹtà.

Bàbá kan tí oko rẹ̀ bá tiwa pààlà yọ láti inú igbó, ó ti ẹ̀yìn òkè gba ọ̀nà jíjìn bọ̀. Ó kí mi, ṣùgbọ́n kò wọnú ọ̀nà.

"Tíṣà, ẹ kú uṣẹ́ o. A rí aṣọ yín."

Mo ní, "Aṣọ wo?"

Ó fi ẹnu tọ́ka sí ọ̀pá tí mo rì. "Ààlè yín. Láti ọjọ́ Uṣẹ́gun la ti ń gba ẹ̀yìn òkè. Àwa tí à ń bọ Ògún nínú ulé wa, a kì í fẹsẹ̀ tẹ ààlè. Ìyàwó yín dé ibí ní òwúrọ̀ Uṣẹ́gun yẹn, ó gbé apẹ̀rẹ̀ rù, ó fẹ́ kó ẹ̀gẹ́ rẹ̀. Ó fọwọ́ kan aṣọ yẹn, ó wò ó títí. Ló bá yíjú padà."

Ta ni kò mọ ààlè ní ilẹ̀ Èkìtì? Aṣọ pupa lórí ọ̀pá lẹ́nu oko: kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án, ó ti di ti ẹlòmíràn. Ọmọdé tó ń ṣa obì mọ̀ ọ́n. Èmi tí mò ń fi àwọn ará Èkó ṣe yẹ̀yẹ́ pé wọn ò mọ ewé yàtọ̀ sí koríko, èmi ni mo gé kọ́tínnì ilé mi, tí gbogbo ẹbí mọ̀, mo fi ti opó ẹ̀gbọ́n mi mọ́ ẹ̀yìn oko ara rẹ̀. Bó bá jẹ́ onírùngbọ̀n ló ṣe é, ǹ bá ti sọ ìtàn rẹ̀ káàkiri Ìkọ̀lé.

Wọ́n wa káyàkì wọn. Káyàkì onírùngbọ̀n dojú dé létí omi, ó ń ké pé kí wọ́n gba òun, bẹ́ẹ̀ omi náà kò ju itan rẹ̀ lọ. Ọjọ́ mìíràn ni ǹ bá rẹ́rìn-ín. Mo jókòó sórí òkúta títí wọ́n fi ṣe tán.

Nígbà tí a ń bọ̀, mo wẹ̀yìn, mo rí obìnrin onífìlà tó ń tú aṣọ mi kúrò lára igi, ó ń jù ú sínú àpò ìdọ̀tí rẹ̀. Nígbà tó dé ẹnu oko, ó fa ọ̀pá náà yọ, ó sì fẹsẹ̀ di ihò rẹ̀.

Ó ní, "Dádì, ta ló so àkísà káàkiri oko olóko báyìí?"

Mo ní, "Èmi ni. Kí ẹ má bàa sọnù ni."

"Olóko gbà fún yín?"

Bàtà mi ni mo ń wò. Ó ní, "Ní etí òkun, a kì í tẹ yanrìn ẹnikẹ́ni láìkọ́kọ́ kí àgbà àwọn apẹja. Ọmọ yín ló kọ́ wa bẹ́ẹ̀. Mo rò pé ọ̀dọ̀ yín ló ti kọ́ ọ." Kò fi bú mi. Ì bá sàn kó fi bú mi.

Mo gba àpò náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo gba ilé ìyàwó wa lọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ó ti di ẹrù mẹ́ta sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. Òrin ló ń lọ, ìlú bàbá rẹ̀, ibi tí kò sùn mọ́jú láti ìgbà tí wọ́n ti sìnkú ìyá rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó gbé àga fún mi.

Ó ní, "Ẹ káàbọ̀, sà."

Sà. Kì í ṣe Ọkọ-mi-akọ̀wé mọ́. Bí ó ṣe máa kí ẹni tó wá ka mítà iná nìyẹn. Mo da àkísà náà sílẹ̀, mo ṣàlàyé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: ọmọ mi, àwọn ará Èkó, ọ̀nà, àmì. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ó mú ọ̀kan nínú àkísà náà, ó fi àtàǹpàkò ra òdòdó funfun etí rẹ̀.

"Èmi àti ìyàwó yín la jọ rán èyí. Mo dúró lẹ́nu oko, mo ní, ohun tí ẹnu wọn ò lè sọ nípàdé, aṣọ ni wọ́n fi sọ ọ́."

"N kò rò ó bẹ́ẹ̀ rárá."

"Mo gbọ́, sà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe èmi ni kí ẹ wá sọ ọ́ fún. Ulẹ̀ ọkọ mi ni, ẹ sì wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n fẹ́ gbà á lọ́wọ́ mi. Níbẹ̀ ni kí ẹ ti lọ sọ ọ́."

Ní ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, mo pe àwọn àgbà ilé jọ. Mo ní ilẹ̀ náà di ti obìnrin yẹn títí ọjọ́ ayé rẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ lé e, kó kọ́kọ́ gba orí mi kọjá. Wọ́n wo ara wọn. Ẹnìkan kùn, ó sì dákẹ́. Ó tán. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, wọ́n wí. Èmi wà lọ́jà, mo wo bàtà mi, orí ọmọ wọ́. Ọ̀rọ̀ tí kò gbà tó àkókò tí ẹyin fi ń jinná, mo fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ oṣù gbé e mì.

Ó tú ẹrù rẹ̀. Ó da ẹ̀gẹ́ tó rà nù, ó sì padà sídìí ebè rẹ̀. Nígbà tí ọmọ mi tún fẹ́ kó àwọn mìíràn wá, mo ní kó kọ́kọ́ lọ bá olóko. Ó lọ. Ìyàwó wa ní kò burú, kí wọ́n máa bọ̀, ṣùgbọ́n obìnrin onífìlà ni kó máa ṣáájú wọn, kí èmi máa kẹ́yìn. Báyìí ni mo ṣe di ẹni tó ń ru àpò ike tẹ̀ lé àwọn ará Èkó nínú oko bàbá mi. Mo ṣì kórìíra aṣọ wọn. Aago onírùngbọ̀n ṣì ń bí mi nínú.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo dá lọ sí ọ̀nà dáàmù. Kò sí ọ̀pá lẹ́nu oko, kò sí aṣọ, ẹsẹ̀ àwọn èèyàn tún ti tẹ ọ̀nà náà kó mọ́. Mo dúró, mo ké àgò. Ìyàwó wa gbójú sókè láàárín ebè, ó fi ọwọ́ ṣíji bo ojú, ó rí mi kedere.

Ó ní, "Ta ni yẹn?"

Mo dárúkọ tí bàbá mi sọ mí, kì í ṣe èyí tí òun fún mi.