Omi Tí Bàbá Pọn Kẹ́yìn

Nínú agbo ilé wa ní Ìlobù, Màmá nìkan ló ń wẹ̀ lábẹ́ ṣáwà. Ìyá tó bí bàámi ni mò ń pè ní Màmá. Ọkọ wọn, bàbá àgbà, ni Bàbá. Àwa yòókù, garawa la fi ń wẹ̀ lẹ́yìnkùlé, a ó sì máa gbọ́ ohùn Màmá nínú ilé ìwẹ̀, tí wọ́n ń kọrin, tí omi ń rọ̀ wọ́n lórí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí òjò àárọ̀. Kò sí ẹni tó jowú wọn. Gbogbo wa la mọ bí ṣáwà náà ṣe dé ibẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ní kí àwọn àjèjì kó ẹrù wọn kúrò ní Gáná lọ́dún 1969, àwọn aládùúgbò Bàbá gbé ẹ̀rọ ìránṣọ, wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì onírin. Orí ṣáwà ni Bàbá gbé láti Kùmásí, wọ́n fi ìró wé e bí ọmọ tuntun. Bí wọ́n ṣe dé Ìlobù, wọ́n ri òpó irin mẹ́rin mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé, wọ́n gbé dúrọ́ọ̀mù dúdú kan lé e, wọ́n fa páìpù wọ ilé ìwẹ̀. Wọ́n ní ìyàwó tó ti jayé ní Kùmásí kò ní í padà wá máa bẹ̀rẹ̀ sórí garawa nílé ọkọ. Ẹ sọ fún mi, ọkùnrin mélòó ló ń ronú bẹ́ẹ̀?

Mo wà ní sẹ́kọ́ńdìrì nígbà tí Bàbá kú. Ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n kú gan-an, wọ́n ti fi ọwọ́ ara wọn pọn omi kún dúrọ́ọ̀mù náà. Láti ìgbà náà ni Màmá ti ṣòfin pé dúrọ́ọ̀mù náà kò gbọdọ̀ gbẹ. Bí omi inú rẹ̀ bá ti ń dín, ká bu omíràn lé e. Àwọn àgbà ilé wa a sì máa sọ pé àmù olórí ilé kì í gbẹ, nítorí náà kò sẹ́ni tó bá wọn jiyàn. “Omi tí ọkọ mi pọn kẹ́yìn ṣì wà nísàlẹ̀ ibẹ̀,” bẹ́ẹ̀ ni Màmá máa ń wí. Òun ni wọ́n fi ń wẹ̀ ní gbogbo àárọ̀, ọdún ń gorí ọdún.

Ọdún tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, àwọn olùkọ́ yunifásítì daṣẹ́ sílẹ̀, gbogbo wa sì padà sílé. Ẹ̀kọ́ nípa àwọn kòkòrò tí ojú kò lè rí ni mò ń kọ́, ìmọ̀ díẹ̀ tí mo ní sì ń pa mí bí ọtí. Mò ń ṣí ìkòkò wò, mò ń gbóòórùn omi, mò ń bá àwọn ìyàwó ilé wí. Ojú mi ò gba ibì kan. Màmá á ní, “Dókítà kòkòrò, wá bá mi ka iye tó wà nínú ọbẹ̀ yìí, kí n lè mọ ẹni tí n ó bù ún fún.”

Lọ́jọ́ kan mo gun àkàbà lọ wo inú dúrọ́ọ̀mù. Ara rẹ̀ nínú ń yọ̀ bí ilá, ìdí rẹ̀ ti dógùn-ún, omi náà sì lọ́ wọ́ọ́rọ́ nítorí oòrùn tó ń pa irin látàárọ̀. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo ní, “Màmá, ẹ jẹ́ ká da omi yìí nù, ká fọ dúrọ́ọ̀mù.”

Wọ́n wò mí bí ẹni pé mo ní ká lọ hú Bàbá jáde. “Ṣé mò ń mu ún ni? Omi mímu mi, mò ń sè é, mò ń sẹ́ ẹ. Ti ìwẹ̀ ni ti ìwẹ̀.”

Mo gbà fún wọn. Èmi tí mò ń kàwé! Ní ilé wa, ẹnu ni àìsàn omi ń gbà wọlé, èmi náà kò sì ronú kọjá ẹnu.

Nínú oṣù kẹta, nígbà tí ooru mú débi pé ẹnikẹ́ni kò lè jókòó sábẹ́ páànù, ara Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Wọ́n ń wúkọ́ gbígbẹ, wọ́n ń yàgbẹ́ gbuuru, orí ń fọ́ wọn. A ní ibà ni. Wọ́n lo oògùn ibà, wọ́n mu àgbo, ibà kò gbọ́. Lọ́jọ́ kẹrin, wọ́n kọjú sí mi, wọ́n ń fi èdè àwọn ará Kùmásí bá mi wí, wọ́n ń nawọ́ sí ẹnu ọ̀nà bí ẹni pé èmi ni ọmọ tó ń bá wọn ta aṣọ lọ́jà, tí mi ò sì tètè pàtẹ. Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá ni mo rí i pé wọn kò mọ̀ mí mọ́, ẹ̀rù sì bà mí.

A gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà tó wà níbẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ kò tí ì kún, fi ẹ̀rọ gbọ́ àyà wọn, ó ní òtútù àyà ni. Ó ní kí wọ́n máa gún wọn ní pẹnisílìn. Ọjọ́ kìíní, ọjọ́ kejì, ọjọ́ kẹta, mímí wọn ń le sí i. Bàámi ránṣẹ́ sí àwọn àbúrò wọn l'Óṣogbo àti n'Íbàdàn. Nílé wa, a kì í pe gbogbo ọmọ jọ nítorí àìsàn kékeré. Mo mọ ohun tí ìpè náà túmọ̀ sí, inú sì ń bí mi sí gbogbo ènìyàn, pàápàá jù lọ sí ara mi.

Nọ́ọ̀sì àgbà kan ló bi wá léèrè láàárọ̀ ọjọ́ kẹrin pé, “Kí ni Màmá ń ṣe nílé tí ẹ̀yin yòókù kì í ṣe?”

Ìyá mi ní, “Kò sí o, mà. Omi kan náà la jọ ń mu, ìkòkò kan náà la jọ ń jẹ.”

Èmi ni mo fọwọ́ bo ẹnu. Ṣáwà.

Ẹ̀kọ́ kan tí mo fi ìdajì rẹ̀ tòògbé ló padà wá bá mi lórí bẹ́ńṣì ilé ìwòsàn. Kòkòrò kan wà tí wọ́n ń pè ní Lijionẹ́là. Omi ni ilé rẹ̀. Omi tútù kò bá a lára mu, omi híhó ń pa á. Èyí tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, tó ti dúró pẹ́, tí nǹkan yíyọ̀ ti bo ara ohun tí wọ́n pọn ọ́n sí, ibẹ̀ ló ti ń jayé. Ẹ̀dá kékeré mìíràn tún wà nínú irú omi bẹ́ẹ̀, àmíbà, tó máa ń gbé kòkòrò mì bí adìẹ ṣe ń ṣa ọkà. Ṣùgbọ́n bí ó bá gbé Lijionẹ́là mì, oúnjẹ náà kì í dà. Á jókòó sínú onílé, á máa jẹ lára rẹ̀, á máa bímọ, títí onílé yóò fi bẹ́, tí àwọn ọmọ yóò tú jáde sínú omi. Àwọn àgbà kúkú ti sọ ọ́: kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló ń gbé.

Ẹni tó mu irú omi náà lè má mọ nǹkan kan lára. Ìgbà tí omi bá fọ́ wẹ́wẹ́ bí ìrì, bó ṣe ń fọ́ lẹ́nu ṣáwà, tí ènìyàn sì fà á símú, ìgbà náà ni kòkòrò náà ń bá èémí wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ara wa ní àwọn ọlọ́dẹ níbẹ̀ tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti gbé àjèjì mì. Wọ́n á gbé e mì. Lójú Lijionẹ́là, àmíbà mìíràn ló tún pàdé, ohun tó ti ń ṣe láti ayébáyé náà ló ń ṣe. Pẹnisílìn kò lè wọlé tọ̀ ọ́ níbẹ̀.

Mo kúnlẹ̀ fún dókítà ọ̀dọ́ náà, mo rò fún un. Mo retí kó lé mi jáde. Ó ní, “A kò ní àyẹ̀wò tí a fi ń mọ̀ ọ́n níhìn-ín. Ṣùgbọ́n ohun tí à ń ṣe yìí kò ràn wọ́n. Ẹ lọ wá oògùn ẹritiromáísìn wá kíákíá.” Ti ọ̀dọ̀ wọn ti tán. Wọ́n júwe bàbá kan tó ń ta oògùn òyìnbó fún mi n'Ífọ́n.

Ìfọ́n kò jìnnà sí wa, ìjà ilẹ̀ láàárín ìlú méjèèjì ló mú un jìnnà. Lórí ọ̀kadà, mo ti pinnu pé bí wọ́n bá bi mí, Òṣogbo ni mo ti wá. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe kúnlẹ̀ kí bàbá náà, tí wọ́n ní, “Ọmọ ibo ni ọ́?” òótọ́ ló bọ́ lẹ́nu mi.

Wọ́n wo ìwé dókítà, wọ́n wo èmi. “Ọmọ Ìlobù. Ẹ ń bá wa du ilẹ̀, oògùn ló wá kù?” Wọ́n ní, “Ta ló ń ṣàìsàn?”

“Ìyá àgbà mi ni, sà. Àwọn tó ń ta aṣọ Gáná lọ́jà Ìlobù.”

Bàbá náà bú sẹ́rìn-ín. “Ìyá onísọ̀rọ̀ púpọ̀ yẹn? Lọ́wọ́ wọn ni ìyàwó mi ti ra aṣọ tó fi kó àkọ́bí wa jáde. Dìde ńlẹ̀ jàre.” Wọ́n kó gbogbo èyí tó wà lórí pẹpẹ fún mi, wọ́n ní kí n máa sáré. Mo fẹ́ràn bàbá náà títí dòní.

Ọjọ́ kìíní tí wọ́n lo oògùn náà, kò sí ìyàtọ̀. Lọ́jọ́ kẹta, Màmá lajú. “Dókítà kòkòrò,” wọ́n ní, “ebi ń pa mí.” Mo bú sẹ́kún débi pé nọ́ọ̀sì sáré wọlé, ó rò pé wọ́n ti kú ni.

Kò sẹ́ni tó fojú rí kòkòrò náà, n kò sì lè fọwọ́ sọ̀yà pé òun ni. Oògùn tó lè wọ ibi tó ń sá pamọ́ sí ló gbé Màmá dìde, ìyẹn ni mo mọ̀.

Bàámi ní kí n tètè da omi inú dúrọ́ọ̀mù nù kí Màmá tó dé. Mi ò lè ṣe é. Ọjọ́ tí wọ́n délé ni mo jókòó tì wọ́n lórí ẹní, mo sì ṣàlàyé gbogbo rẹ̀, bí mo ṣe ṣàlàyé rẹ̀ yìí.

“Ṣé omi ọkọ mi ló fẹ́ pa mí ni ò ń sọ?”

“Omi Bàbá kọ́, Màmá. Pípẹ́ tó pẹ́ ló bà á jẹ́.”

Wọ́n ṣe àlùwàlá, wọ́n kírun Alásàrì lórí ìjókòó nítorí ara wọn kò tí ì le. Mo rò pé mo ti ṣẹ̀ wọ́n. Lẹ́yìn náà, wọ́n wọ yàrá, mo gbọ́ tí wọ́n ń wọ́ àpótí nílẹ̀. Búrọ́ọ̀ṣì ọlọ́wọ́ gígùn kan ni wọ́n mú jáde, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan ti jẹ.

“Ọkọ mi máa ń fọ dúrọ́ọ̀mù yẹn ní gbogbo ìparí oṣù,” ni Màmá wí. “Ní Kùmásí o, níhìn-ín o, wọn kì í jẹ́ kó yẹ̀. Wọ́n ní omi tó bá sùn jù kì í jí ire. Èmi ni mo gbé búrọ́ọ̀ṣì pamọ́ lọ́jọ́ tí a sin wọ́n, kí ẹnikẹ́ni má bàa da omi wọn nù.”

A jọ lọ sẹ́yìnkùlé. Mo fi aṣọ bo imú wọn, mo fi bo tèmi. Màmá fúnra wọn ló ṣí ẹnu ẹ̀rọ ìsàlẹ̀ dúrọ́ọ̀mù. Omi náà pọ́n bí tíì, ó ṣàn gba ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ, wọ́n sì dúró wò ó títí ó fi kán tán.

“Ó dàárọ̀, ọkọ mi,” wọ́n ní.

Wọ́n na búrọ́ọ̀ṣì sí mi, mo gun àkàbà. “Fọ ìdí rẹ̀ dáadáa,” wọ́n ń pè mí láti ìsàlẹ̀, “Bàbá rẹ kì í fi ìdí rẹ̀ sílẹ̀.” Mo fọ̀ ọ́ títí apá fi ń ro mí, Màmá sì fi ọwọ́ méjèèjì di àkàbà mú fún mi.