Ọkọ̀ Tó Ń Mumi Lẹ́yìn Ilé Wa ní Bódìjà

Ní ọdún tí mo jáde ní yunifásítì, kí n tó lọ máa kọ́ni ní ìlú tó jìnnà, ọkọ̀ pákó bàbá mi ni kò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀. Bàbá mi ti fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ní iṣẹ́ káfíńtà. Nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì, wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kan ọkọ̀ náà lẹ́yìn ilé wa ní Bódìjà, wọ́n sì ń fi í pẹja ní odò Ẹlẹ́yẹlé. Wọn ò mọ̀ ọ́n lúwẹ̀ẹ́. Mo máa ń rò pé bí mo ṣe wà nílé tí mò ń ṣọ́ wọn ni kò jẹ́ kí ọkọ̀ náà rì. Mo mọ̀ pé kò lè rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n bó ṣe ń ṣe mí nìyẹn.

Gbogbo ìgbà ọyẹ́ ni ọkọ̀ náà fi dojú délẹ̀. Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan kí n lọ, Bàbá ní àwọn máa fi lọ́rì gbé e lọ sódò ní Sátidé. Mo lọ wo ìdí rẹ̀, mo sì rí i pé àárín pákó sí pákó ti là. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo mú òwú, ọ̀dà àti òòlù, mo ki òwú bọ gbogbo àlàfo náà títí kò fi gbà mọ́. Inú mi dùn. Lójú mi, ìfẹ́ ni mò ń kì bọ ibẹ̀.

Bàbá mi jáde síta, wọ́n wò ó.

"Ìyá mi," bí wọ́n ṣe máa ń pè mí nìyẹn, "ṣé ògiri lò ń rẹ́ ni?"

"Ẹ má bínú, Bàbá. Ó ti là ni. Ẹ ò sì mọ̀ ọ́n lúwẹ̀ẹ́."

"Ta ló sọ fún ọ pé mo fẹ́ lúwẹ̀ẹ́? Ẹja ni mo fẹ́ pa."

Wọ́n fi ọ̀bẹ yọ gbogbo òwú náà. Wọ́n ní òùngbẹ ló ń gbẹ pákó. Tó bá mumi yó, yóò wú. Tí mo bá ti dí ibi tí yóò wú sí, ìṣó ni yóò tú. Ojú tì mí gan-an. Èmi tí mo fẹ́ dáàbò bò wọ́n ni ǹ bá mú kí ọkọ̀ wọn rì.

A yí ọkọ̀ náà pa dà, a gbé e lé orí bíríkì, a sì bu omi kún inú rẹ̀. Ó ń jò bí ajere. Wọ́n fún mi ní ṣọ́ọ̀kì pé kí n máa sàmì sí ibikíbi tó bá ń jò. Ní ọjọ́ kìíní, ṣọ́ọ̀kì tán lọ́wọ́ mi. Ní ọjọ́ kejì, ibi tó ń jò ò ju márùn-ún lọ. Nígbà tó di àárọ̀ Furaidé, ojú kan ṣoṣo ló kù, nítòsí imú ọkọ̀.

"Èyí ni àìsàn," ni Bàbá wí. "Òùngbẹ lásán ni àwọn yòókù."

A da omi náà nù. Wọ́n gbẹ́ ibi tó ti jẹrà kúrò, wọ́n fi pákó kékeré lẹ̀ ẹ́, wọ́n sì ní kí èmi fúnra mi fi òwú àti ọ̀dà dí etí rẹ̀.

"Díẹ̀díẹ̀ o, bíríkìlà."

Ní Sátidé, mo bá wọn wọ ọkọ̀. Mo gbé agolo ńlá kan dání láti máa fi gbọ́n omi. Mo tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ mi sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀ títí, kò tutù.

"Gbọ́wọ́ kúrò níbẹ̀, kí o gba àjẹ̀," ni Bàbá wí.

Nígbà tí a fi máa gúnlẹ̀, ẹja mẹ́rin ló wà nínú agolo náà. Mi ò tilẹ̀ mọ ìgbà tí Bàbá mú agolo kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ mi.