Obìnrin Tí Ó Ń Dágbére Tí Kò Lọ

Èmi kì í ṣe ẹni tó mọ̀ nípa orin, ẹ má bi mí ní ti ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi mí nípa àwo orin tí àbúrò ìyá mi gbé wá sí Akparé, ìlú wa, nígbà tí àwọn Faransé ń ṣàkóso wa, ohun tí mo máa sọ kò ju ọ̀kan lọ: ohùn obìnrin tó kọ ọ́ dára, àpọ̀jù ìdágbére ló bà á jẹ́.

Àbúrò ìyá mi yìí ń ṣe akọ̀wé ní ibùdókọ̀ ojú irin Atakpamé. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ń gbé tí mo fi ń lọ sí ilé ìwé àwọn obìnrin ìsìn tí à ń pè ní màsẹ́ẹ̀. Àwọn màsẹ́ẹ̀ fẹ́ mú mi lọ sí Lomé kí n lọ kàwé sí i. Bàbá mi ti kú, ọwọ́ ìyá mi ni ọ̀rọ̀ wà, ìyá mi sì fàáké kọ́rí, ó ní ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí òun bí kò ní bá ọkọ̀ ojú irin lọ. Àbúrò rẹ̀ wá rò ó pé bó bá gbọ́ orin òyìnbó, ọkàn rẹ̀ á rọ̀ sí ọ̀rọ̀ ìwé. Ọgbọ́n akọ̀wé nìyẹn.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, lẹ́yìn Máàsì, ó gbé giramafóònù kalẹ̀ sábẹ́ igi máńgòrò wa, ó sì ṣí ìwé ńlá kan. Ojú ewé mẹ́rin ni ìwé náà ní, àwo dúdú kan sì wà nínú ojú ewé kọ̀ọ̀kan. Ó ní álíbọ́ọ̀mù ni wọ́n ń pè é, pé obìnrin tó kọ ọ́ lókìkí débi pé àwọn akọ̀wé Lomé ń jà nítorí rẹ̀. Ìyá mi yẹ̀ ẹ́ wò.

"Ìwé tí kò ní lẹ́tà nínú! Ṣé èyí ni ọmọ mi fẹ́ lọ kọ́?"

Àbúrò rẹ̀ yí ọwọ́ ẹ̀rọ, obìnrin náà sì bẹ̀rẹ̀. Ẹkún ló fi bẹ̀rẹ̀. Oòrùn ti ká àwo náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ohùn rẹ̀ ń lọ sókè sódò bíi ti ẹni tó jókòó sẹ́yìn kẹ̀kẹ́. Nígbà tó dé àárín, abẹ́rẹ́ há. "Adieu," ni ó ń wí, "adieu, adieu, adieu," kò sì kúrò níbẹ̀ mọ́.

Ìyá mi dìde. "Ẹ gbọ́ o! Adìẹ rẹ̀ ló sọnù!"

Gbogbo agbo ilé ló gbọ́ adìẹ. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n bàbá mi sáré lọ wo ilé adìẹ tirẹ̀. Ọkùnrin kan tó ti Glei wá ní òyìnbó kì í sunkún nítorí adìẹ kan ṣoṣo, gbogbo agbo rẹ̀ ló ní láti sọnù. Ìyá mi bu àgbàdo dání, ó ń pe adìẹ káàkiri ẹ̀yìnkùlé, bóyá èyí tó ṣàjèjì á jáde.

"Ẹ̀gbọ́n, nọ̀ọ́, rárá, kì í ṣe adìẹ," ni àbúrò rẹ̀ wí.

Èmi ni ìyá mi kọjú sí. "Ìwọ tí o ti lo ọdún mẹ́ta lọ́dọ̀ màsẹ́ẹ̀, kí ló ń wí?"

Bí mo bá ní adìẹ kọ́, mo dójú ti ìyá mi níwájú gbogbo ilé, Lomé sì parí nìyẹn. Bí mo bá ní adìẹ ni, kí ni mo wá kọ́ lọ́dún mẹ́ta?

"Ìyá, ó dàbọ̀ ni. Ó ń dágbére fún ẹni tó fẹ́ràn."

"Adìẹ tí gbogbo wa fetí ara wa gbọ́?"

"Ó dàbọ̀ ni, Ìyá."

Ó ní kí wọ́n fi àwo tó kù sí i, kí n máa túmọ̀. Nínú àwo kejì, obìnrin náà ń dágbére létí òkun. Nínú ìkẹta, ó ń dágbére lójú fèrèsé. Ìkẹrin jẹ́ orin ijó, mo rò pé a ti bọ́, àfi bó tún ṣe dágbére fún ọmọkùnrin tó bá a jó. Inú ti ń bí mi sí i. Ẹjọ́ mi ni obìnrin náà ń bá mi rò lọ́dọ̀ ìyá mi, kò sì ní ju gbólóhùn kan lẹ́nu.

Ìyá mi pòṣé. "Láti ìgbà tí a ti jókòó ló ti ń dágbére, kò lọ! Ẹni tó bá máa lọ, ẹ jẹ́ kó máa lọ jàre."

"Ta ni, ẹ̀gbọ́n?"

"Àwọn méjèèjì, òun àti ọmọ mi," ni ó wí, ó sì da àgbàdo ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn adìẹ.

Lọ́jọ́ tí mo ń lọ sí Lomé, ó gbé àgbébọ̀ kan tó dè lẹ́sẹ̀ lé mi lọ́wọ́ ní ibùdókọ̀. Fèrè ọkọ̀ dún, ó dágbére. Ọkọ̀ ò lọ. Fèrè tún dún, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀: kí n máa wẹ̀, kí n má jẹun lọ́wọ́ ẹni tí n kò mọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ló dágbére, n kò sì fẹ́ kó dákẹ́. Nígbà tí ọkọ̀ wá ṣí lóòótọ́, ó sáré tẹ̀ lé wa, ó ń juwọ́, ó ń ké: "Adìẹ! Adìẹ o!"

Àwọn èrò inú ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ìyá àgbà kan fọwọ́ kàn mí léjìká. "Ọmọ mi, dá ìyá rẹ lóhùn. Sọ fún un pé adìẹ ò sọnù."

Mo yọrí sójú fèrèsé, mo sì ké padà: "Adìẹ, Ìyá! Adìẹ!"